Módékáì Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Nígbà tí Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀ fún Hámánì lẹ́ẹ̀kẹta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, Tíṣà Fẹ́yìsetán pa ìdérí dùùrù dé gbàà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ń fi etí ìborùn nu omi ojú.

"Abíọ́nà! Kí ni Bíbélì wí? Gbogbo èèyàn ló wólẹ̀ fún Hámánì lẹ́nu ibodè, àfi ta?"

"Àfi Módékáì, sà."

"Ìwọ wá ta ni?"

"Èmi ni Módékáì, sà." Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ṣì wà tó fi ń dáhùn, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì.

Ní Ìkirè ni o, lọ́dún 1955. Ìjọ wọn ló fẹ́ ṣe eré olórin, ìtàn Ẹ́sítérì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Apòmù ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé ibẹ̀, kí àwọn ará Apòmù lè mọ̀ pé Ìkirè kì í ṣe ìlú dòdò nìkan. Tíṣà Fẹ́yìsetán ló kọ ọ́, òun ló ń tẹ dùùrù, òun náà ló ń bú wọn. Kò sí eléré gidi kan nínú gbogbo wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, télọ̀ ni wọ́n, ìyàwó ilé ni wọ́n. Abíọ́nà, ní tirẹ̀, akọ̀wé ni nídìí ìwọ̀n kòkó. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ dùn, Módékáì pátá. Ohun kan ṣoṣo ló bà á jẹ́: ẹni tí wọ́n fi ṣe Hámánì.

Bàbá Obadiah Òkè ni Hámánì. Bàbá ìjọ ni, olóko kòkó pàtàkì, ohùn rẹ̀ sì ń mi fèrèsé. Kí àlùfáà tó pe nọ́ńbà orin nínú ìsìn, Bàbá Òkè á ti ṣí ìwé orin tirẹ̀, á ti gbé e síwájú. Lọ́jọ́ tí Tíṣà pín ìwé eré fún oníkálukú, gbogbo ayé ń tú tiwọn wò, Bàbá ká tirẹ̀ sápò agbádá, ó fọwọ́ lù ú, ó ní, "Ó wà níbẹ̀." A kò rí i kó yọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní àgbàlagbà kì í kọrin láti inú ìwé.

Bàbá yìí ló bí Olúkẹ́mi. Olúkẹ́mi yìí ni Abíọ́nà sì ń fẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí Màmá Susannah, alárinà wọn, ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Bàbá. Bàbá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun ń wo ọmọ náà ná. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí wọ́n ń wò, níbo ló ti máa rí ẹsẹ̀ nàró lójú ẹni tó ń wò ó?

Kì í kúkú ṣe pé Abíọ́nà fẹ́ ba eré jẹ́. Láti ilé ni yóò ti máa wí fún ara rẹ̀ pé, "Lónìí, mi ò dọ̀bálẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí i." Bí Bàbá Òkè bá ti yọ báyìí, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, àyà rẹ̀ á kanlẹ̀, kó tó mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ìyá ọ̀hún kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀kọ́ ilé máa di ẹ̀ṣẹ̀.

Àbí tirẹ̀ nìkan ni? Ọba Ahaswérúsì ńkọ́? Làtífù ni, dẹ́rẹ́bà lọ́rì, Mùsùlùmí ará Apòmù, ẹni tí Tíṣà lọ bẹ̀ nítorí ohùn tó fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ tó, ọba Páṣíà á ṣáà máa fa ìparí orin gùn bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo àdúgbò dìde jẹun. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n daṣọ funfun bò, tí wọ́n ní kó máa jẹ́ ẹṣin, ti fi ṣéènì jẹ aṣọ méjì. Lọ́jọ́ kan, àwọn ohùn òkè ń kọ orin ìgbéyàwó, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ ń kọ orin ọ̀fọ̀, wọ́n sì jọ parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú wọn dùn. Làtífù bojú wo Tíṣà, ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, abeg, ṣé ìyàwó ló kú ni?" Ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín pa Tíṣà fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Abíọ́nà kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí Módékáì bá tún dọ̀bálẹ̀, òun á gbé e fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kí Abíọ́nà dọ́gbọ́n sí i ní Ọjọ́bọ̀. Ó wá rúlà onígi méjì, ó dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn orúnkún lábẹ́ ṣòkòtò. Nígbà tí Bàbá Òkè wọlé, orúnkún fẹ́ tẹ̀, rúlà kọ̀. Gbogbo akọrin wólẹ̀, Abíọ́nà nìkan ló nàró gbọnrangandan.

Dùùrù mú orin ìbínú Hámánì. Bàbá wo Abíọ́nà. Ó la ẹnu, kò kọrin. Tíṣà tún ìbẹ̀rẹ̀ orin náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá ṣì ń wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ló bá wúkọ́, ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí," ó mú fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Abíọ́nà sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ igi, ó ń kí i pé ó dàárọ̀, sà. Bàbá kò bojú wẹ̀yìn.

"Mo gbé!" ni Abíọ́nà wí fún Màmá Susannah láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"O ò tíì gbé," ni Màmá Susannah dá a lóhùn. "O nàró níwájú bàbá ọmọ tó o fẹ́ fẹ́? Ṣé orí ẹ pé? Ṣé Tíṣà ló máa fún ẹ níyàwó ni?"

"Eré mà ni, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n, eré ni. Ìyàwó náà á wá di eré. Lọ́la, dọ̀bálẹ̀ kó délẹ̀!"

Ní Sátidé, Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀ délẹ̀ lóòótọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Bàbá Òkè pòṣé tó fi dé òde.

"Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Hámánì wo ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún tó tún ń bínú? Níbo ni kí n ti wá bẹ̀rẹ̀ orin mi?"

Adìẹ wá bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó nàró, wọn ò kí i. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n bú u. Kí ni wọ́n wá fẹ́ kó ṣe, kó lóṣòó? Oorun kò kùn ún mọ́, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó sú u, ó dúró de Olúkẹ́mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìfidánrawò. Olúkẹ́mi ló ń ṣe Ẹ́sítérì. Adé páálí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ apá.

"Olúkẹ́mi, jọ̀ọ́, kí ni bàbá fẹ́ gan-an?"

Olúkẹ́mi wo ilẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá Abíọ́nà, ẹ bá mi kọ́ orin Hámánì sórí."

"Orin Hámánì? Módékáì mà ni mí."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà kọ́ ọ."

"Ṣé wọ́n fẹ́ yọ bàbá kúrò nínú eré ni?"

"Rárá o." Omi ti ń gbára jọ sí i lójú. "Ọ̀rọ̀ bàbá mi ò ṣeé gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ kọ́ ọ kó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ sì jẹ́ kí bàbá mi kọ ọ́." Ló bá yára lọ.

Ìyẹn tún wá da gbogbo rẹ̀ rú pátápátá. Ṣùgbọ́n ọmọge tí èèyàn fẹ́ fẹ́ ní kó kọ́ orin, ta ni ò ní kọ́ ọ? Ìdí ìwọ̀n kòkó ló ti ń kọ ọ́ láàárọ̀, ó ń kọ ọ́ lálẹ́:

"Ta ló nàró lẹ́nu ibodè bí òpó ilé?
Gbogbo ìlú wólẹ̀, ìwọ nìkan lo gbórí sókè.
Ọrùn tí kò tẹ̀ fún mi, okùn ni yóò tẹ̀ ẹ́!"

Àwọn àgbẹ̀ tó gbé kòkó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́.

Mọ́ńdè Àjíǹde dé. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán, gbọ̀ngàn Apòmù kún dé ojú fèrèsé. Làtífù fi ohùn sààrì ṣí eré, ará ìlú rẹ̀ hó yèè, wọ́n ní kó tún un kọ, ó sì tún un kọ, kò bi Tíṣà. Wọ́n dé Olúkẹ́mi ládé, adé páálí wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ kan gbá a mú kọrin tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló kan ẹnu ibodè.

Bàbá Òkè wọlé nínú agbádá etù. Gbogbo akọrin wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Abíọ́nà kò di rúlà mọ́ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá Susannah wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀: dọ̀bálẹ̀! Tíṣà wà lẹ́yìn dùùrù, ó ń fi àgbọ̀n júwe òkè: dúró! Abíọ́nà rò ó nínú ara rẹ̀: Bí mo bá dúró, Olúkẹ́mi lọ nìyẹn. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, làálàá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ nìyẹn. Ó rántí ohun tí Bàbá wí: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ orin mi? Ó ní kí Ọlọ́run má ṣàì dárí ji òun. Ó nàró.

Dùùrù mú orin. Bàbá la ẹnu, kò kọrin. Tíṣà tún un tẹ̀. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó yọ ìwé kan, ó tú u, ó gbé e síwájú ojú.

Abíọ́nà wo ìwé náà, orí rẹ̀ wú. Ìwé eré kọ́. Rìsíìtì kòkó ni. Ọwọ́ òun fúnra òun ló wà níbẹ̀: "Òkè, Obadiah", bí òun ṣe kọ ọ́ nídìí ìwọ̀n ní Dìsẹ́ńbà. Ojú Bàbá ń lọ sókè, ń bọ̀ nísàlẹ̀ lórí ìwé ọ̀hún bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò tí kò mọ̀ rí.

Háà! Bàbá kò mọ̀wé. Bàbá ìjọ, tó máa ń ṣí ìwé orin ṣáájú gbogbo ayé, kò mọ̀wé. Olúkẹ́mi ló ń ka ọ̀rọ̀ orin sí i létí nílé, ó sì ti fò ó lórí. Kì í ṣe ìbínú ló gbé e jáde ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìtìjú ni. Ojú tí òun rò pé ó ń fi ọmọ du òun, ojú ẹni tẹ́rù ń bà ni. Àánú Bàbá ṣe Abíọ́nà.

Bó bá dọ̀bálẹ̀ báyìí, orin náà á fò kọjá, àṣírí á bò. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Bàbá ti ń retí orin yìí. Abíọ́nà ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá kan kì í ṣe sí bàbá ìyàwó. Ó rìn lọ bá a, ó dúró ko ó lójú, imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, ó sì sọ ọ́ lábẹ́ ètè pé, "Ta ló nàró lẹ́nu ibodè..."

"Ọmọ yìí ò mà lẹ́kọ̀ọ́ ilé o!" ni obìnrin kan pariwo láàárín èrò.

Ojú Bàbá là. Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó fi kọrin. Ìlà kejì, Abíọ́nà sọ ọ́, Bàbá gbà á. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ okùn, kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Orin ọ̀hún ti padà wá, fèrèsé ń gbọ̀n, àwọn ọmọdé ń sá sẹ́yìn ìyá wọn, Apòmù dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ìkà èèyàn.

Wọ́n ṣe eré dé òpin, ṣéènì ẹṣin já, wọ́n sì so Hámánì kọ́. Nígbà tí èrò ń tú ká, Abíọ́nà bá Bàbá Òkè lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń nu òógùn. Orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ yẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú léjìká. Ìwé yẹn ṣì há sáàárín ìka rẹ̀.

"Abíọ́nà, ìwé wo lo rí lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan?"

Abíọ́nà wo ìwé náà, ó wo Bàbá. "Ìwé eré ni, sà."

Bàbá tún un sọ: "Ìwé eré ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọwọ́ Tíṣà ni mo rí níbẹ̀."

Bàbá ká ìwé náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tì í bọ àpò, ó fọwọ́ lù ú. "Sọ fún àwọn ará ilé yín," ó ní, "kí wọ́n máa bọ̀ wá rí mi ní Sátidé." Ló bá jáwọ́ lára rẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó tún agbádá etù náà ṣe sí èjìká. "Ó yá, dọ̀bálẹ̀ wàyí."

Abíọ́nà kò mọ̀ bóyá Hámánì ló ń sọ̀rọ̀ ni, tàbí bàbá Olúkẹ́mi. Ó ṣáà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀ Apòmù, kò sì yára dìde.