Orí Tí Onígbàjámọ̀ Kò Gẹ̀ Tán

Bàbá ìyàwó onígbàjámọ̀ ló jókòó sórí àga ìgẹrun. Apá òsì orí rẹ̀ ti mọ́, apá ọ̀tún ṣì dúdú bí igbó. Rédíò ń ka èsì ìbò. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n máa ń fi í ṣe.

"Bàbá, ẹ ò rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ bá ẹgbẹ́ yín?"

"Ṣé ẹni tó gbé ohun mímú lé mi lórí ni n ó bá jiyàn? Gẹ̀ ẹ́ tán ná."

Bí wọ́n ṣe kéde ẹni tó wọlé nìyẹn. Ariwo sọ lójú títì. Onígbàjámọ̀ ju ẹ̀rọ sílẹ̀, ó já àsíá ẹnu ọ̀nà, ó sì fò jáde.

"Òní ni mo tó mọ̀ pé mo ní orílẹ̀-èdè! Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí o!"

Ó jó títí òógùn fi bò ó. Bàbá dúró dè é títí ó fi sú u. Ó dìde, ó gbé orí aláàbọ̀ náà gba àárín èrò kọjá.

Onígbàjámọ̀ rí i. Kì í ṣe pé kò dá a mọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló gẹ orí ọ̀hún. Ṣùgbọ́n gbogbo èrò ń wo ẹnu rẹ̀, ẹnu sì yá ju làákàyè lọ.

"Ẹ wo orí ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi! Irun lásán, wọn ò rí i gẹ̀ tán!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Bàbá yíjú, ó wò ó, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ijó tán lẹ́sẹ̀ onígbàjámọ̀. Ilẹ̀ ì bá lanu, ì bá kó wọnú rẹ̀.

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó tọ àna rẹ̀ lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti gbọ́, ó sì ti débẹ̀ ṣáájú ọkọ rẹ̀. Kò kí i. Bàbá wà ní pálọ̀, ó dé fìlà. Onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ n bá yín parí rẹ̀."

"Ṣé ẹni yín ló wọlé?"

"Òun ni, sà."

"Ó dáa. N ò dìbò fún un, àmọ́ láti òní lọ, olórí tèmi náà ni. N ò bá a jà. Ìwọ tó o fi mí pa àwọn ará títì lẹ́rìn-ín ni n ò mọ ohun tí n ó máa pè ọ́ mọ́."

Ó ṣí fìlà. Orí náà ti dán, ó rí págunpàgun, abẹ sì ti ṣá a níbi méjì.

"Ọmọ mi ló fá a. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n tó tìrẹ. Ṣùgbọ́n kò fi mí rẹ́rìn-ín."

Onígbàjámọ̀ kò lè gbójú sókè wo orí náà.