Abẹ́rẹ́ Oṣù Mẹ́ta

Láti ìgbà tí rédíò ti sọ pé lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ìjọba yóò pinnu bóyá òun yóò ṣì máa san lára owó abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ìdí Bẹ̀llò olóbì kò gba ìjókòó mọ́. Hàmdálátù ìyàwó rẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó ń gún kó tó bọ́ sórí èyí a máa já ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ ní ìdájí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bẹ̀llò ti bá a nílẹ̀, tí eyín rẹ̀ pa pọ̀ pinpin.

Olóbì Ṣàgámù kì í dúró de ọ̀wọ́n. Bí obì yóò bá wọ́n, wọn a rà á sílẹ̀, wọn a fi ewé tútù bò ó. Bẹ̀llò bẹ nọ́ọ̀sì Moyọ̀sọ́lá títí ó fi fún un ní ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó fàmì sí káàdì, ó sì ní kó fi í síbi tútù. Iná kì í dúró nílé, ó bá kó o lọ sọ́dọ̀ Bánkẹ́ ẹlẹ́ja, tó ní fìrísà àti jẹnẹrétọ̀.

“Bàbá olóbì, ṣé ẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe pańla ni?”

“Gbé e sísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó bá tutù kì í bàjẹ́.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kéde pé ìjọba kò ní dáwọ́ dúró. Bẹ̀llò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èyí tó wà nílé ti tán, ó lọ mú ọ̀kan wá lọ́dọ̀ Bánkẹ́. Ó ti le bí òkúta. Ó sá a sóòrùn, ó yọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó gbé e tọ nọ́ọ̀sì lọ.

“Bàbá, ibi tútù ni mo ní. N kò sọ pé kó di yìnyín. Gbogbo rẹ̀ ti kú nìyẹn.”

“Fún mi ní òmíràn.”

“Ó di oṣù kẹta, sà. Káàdì yín ti kún. Ti àtijọ́ nìkan ni mo lè fún yín.”

Bẹ̀llò gbà á lọ sílé. Hàmdálátù dá ìgò náà mọ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó jókòó.

“Èyí tó ń gbé mi ṣubú nìyẹn.”

“Òun ni. Èmi ni mo ba èyí tó dáa jẹ́.”

Kò bú u. “Ta ni yóò máa jí mi ní ìdájí, Bàbá Tawfiq?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ti máa ń wà ní ọjà Simawa nídìí obì kílẹ̀ tó mọ́?”

“N kò lọ mọ́, títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé.”

 Hàmdálátù ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá sí i.