Cent Pour Cent ti Dírẹ́tọ̀ Àkàndé

Èmi Nafiou, oko kajú ni mò ń ṣe lẹ́yìn Alafiarou, bí mo bá sì bínú, àwọn ará Kika lókèèrè á gbọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ti pariwo jù.

Kíláàsì mẹ́ta, bíríkì gidi, páànù gidi, ni àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ kọ́. Wọ́n ní ilé-ìwé kan ṣoṣo ni yóò gbà á, yálà tiwa tàbí ti ọ̀nà Goro, àwọn yóò sì fi méjèèjì wéra lẹ́yìn CEP, ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà koríko ni CM2 tiwa, kíláàsì àṣekágbá, ti ń kàwé. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tísà á dákẹ́, àwọn ewúrẹ́ á wọlé, gbogbo wọn á jọ máa wo ara wọn.

Kí wọ́n tó forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò, Dírẹ́tọ̀ Àkàndé, ọ̀gá ilé-ìwé wa, pe àwa òbí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn cent pour cent ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ méjìlá ló wà ní CM2. Mẹ́fà mọ̀wé, mẹ́fà kò dá òun lójú. Bí gbogbo wọn bá lọ, ìdajì ló máa yege, ojú á tì wá. Bí mẹ́fà tó mọ̀wé bá dá lọ, cent pour cent! Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!

"Ọgọ́rùn-ún wo?" Ìyá Djibril, ìyá arúgbó kan tí kò sí ìpàdé tó lè kọjá rẹ̀, nawọ́ sókè. "Mẹ́fà lo pè báyìí. Níbo lo ti bí ìyókù?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Nígbà tí ẹ̀rín tán, òbí márùn-ún gbà kí ọmọ wọn tún CM2 ṣe. Ọmọ kẹfà ni Oumou-Kalsoum, ọmọ mi.

Kí n má purọ́, ìṣirò kò wọ orí ọmọ yẹn rárá. Ní kó pín ọsàn mẹ́wàá fún ọmọ méjì, á bi ọ́ pé kí ni ọmọ méjì fẹ́ fi gbogbo ọsàn yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń ti oko rìn wá sí ilé-ìwé lójoojúmọ́, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Mo bi í bóyá ó fẹ́ dúró de ọdún tó ń bọ̀.

"Bàbá, bí mo bá máa fìdí rẹmi, ẹ jẹ́ kí n fìdí rẹmi lọ́hùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá mi dúró sílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun. Mo lọ bá Dírẹ́tọ̀, mo ní kó kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀ kí n tó fi ohùn mi wó àtíbàbà náà lé e lórí. Ó kọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Àlúkò wá bá mi, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

"Nafiou, mo ti dá Raoudath tèmi dúró nítorí gbogbo wa. Ta ni ọmọ tìrẹ? Ṣé kí òjò máa pa gbogbo ọmọ nítorí ẹnì kan?"

Ọmọ tèmi náà ni òjò ń pa. Mo kàn ní, "Èmi kọ́ ni mo ní kó o dá a dúró." Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi jẹun mọ́.

Èsì dé. Mẹ́fà yege. Oumou-Kalsoum fìdí rẹmi, wàláì, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó sunkún, ó jẹun, ó sùn. Àwọn ará abúlé ń kí mi bí ẹni ń tutọ́.

Nígbà tó yá, Madame tó ń bójú tó ilé-ìwé àgbègbè wa ti Tchaourou wá, gbogbo wa pé jọ lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní Goro kó ọmọ tó lé ní ogójì lọ, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Fúlàní tí wọ́n lọ bẹ̀ ní gáà, ibùdó wọn. Ìdajì ló yege. Tiwa, méje, mẹ́fà yege. Dírẹ́tọ̀ gbé àyà sókè.

"Ẹ ṣe dáadáa," ni Madame wí. "Ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí kò bá ní ọmọ mẹ́wàá láti mú lọ sí ìdánwò, a kì í kọ́lé fún un. Goro ló gbà á."

Mẹ́wàá! Àwa tá a ní méjìlá! Gbogbo ojú kúrò lára mi, ó bọ́ sára Dírẹ́tọ̀. Mo dìde, èébú ti wà lórí ahọ́n mi, ìyẹn tó dára jù lọ nínú èyí tí mo ní.

Ìgbà náà la gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn àtíbàbà. Ó ń ròyìn ìdánwò fún àwọn márùn-ún tí wọ́n dá dúró.

"Ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan, tábìlì kan. Wọ́n lẹ orúkọ mi mọ́ tèmi, Oumou-Kalsoum, wọn ò ṣì í kọ."

"Tèmi náà wà níbẹ̀?" Raoudath ló béèrè.

"Kò sí. Mo wò ó káàkiri."

Àlúkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́. Mo jókòó padà.