Iṣan Tó Dá Ọ̀nà Tirẹ̀ Gbà

Nígbà tí dókítà tún gbé àwòrán inú télọ̀ sókè sí iná lẹ́ẹ̀kejì, télọ̀ na ọrùn wò ó. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ti yẹ̀ wò nínú ẹbí, kò sí èyí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti aláìsàn mu. Òun nìkan ló kù tó lè gé lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì.

Dókítà ní iṣan kan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò yọ níbi tí ti ẹlòmíì ti ń yọ. Ara èyí tó ń bọ́ ìfun ni tirẹ̀ ti yà, ó wá dá ọ̀nà tirẹ̀ gbà.

Ìyá wọn tó jókòó tì í mí kanlẹ̀. Télọ̀ mọ ohun tí ìmí yẹn ń sọ. Láti kékeré, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, òun náà ló sì fi ń gé aṣọ dòní. Àìmọye ìgbà ni ìyá fi okùn de ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn, á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Bẹ́ẹ̀, bí aṣọ bá ti dára lọ́rùn, ta ló ń béèrè ọwọ́ tó rán an? Àṣé títí dénú ikùn lòun ti ń lo òsì!

"Ṣé mi ò wá ní lè fún un mọ́ ni?"

Dókítà ní rárá o. Iṣan náà, apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń bọ́, apá ọ̀hún gan-an làwọn sì fẹ́ gé. Àwọn á mú un tòun ti iṣan rẹ̀, àwọn ò ní fọwọ́ kan èyí tó ń bọ́ apá tó kù.

"Ó tiẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróòro."

"Dókítà, ẹ̀dọ̀ tí ẹ fẹ́ gé lọ?"

"Òróòro pàápàá ń bá a lọ."

Ìyá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ìwé ìfọwọ́sí síwájú télọ̀. Nítorí ìyá wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló fi mú gègé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́ gẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ìyá gba gègé náà, ó tì í bọ ọwọ́ òsì télọ̀.

"Fi èyí tó mọ̀ ọ́n kọ kọ ọ́."

Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ etí ìwé mọ́lẹ̀, kó má baà yẹ̀. Télọ̀ kò kánjú. Ó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kò sì bojú wo ìyá rẹ̀ kó tó parí.