Ìgò Oògùn Ìyàwó Mi

Odidi oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ilé ìwòsàn tí a ti ń gba oògùn kò mọ̀. Èmi ni mi ò sọ fún wọn. Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín ná.

Aránṣọ ni mí, ara mi sì máa ń tètè gbóná, mi ò fi pamọ́. Ogójì ọdún ni èmi àti obìnrin náà fi jọ gbé. Ọjọ́ kan náà ni dókítà sọ fún àwa méjèèjì pé a ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàwó mi ní ìbínú mi ló kó o ran òun. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń to oògùn sínú àwo kékeré láràárọ̀, hóró kan tèmi, hóró méjì tirẹ̀. Tirẹ̀ le ju tèmi lọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì máa ń mú un tọ̀ ṣáá. Kò ní í jẹ́ kí n gbé tèmi mì àfi tó bá bi mí bóyá mo ti jẹun. Tí mo bá ní mo ti jẹun, á lọ ṣí ìkòkò wò.

Ọ̀dọ̀ ọmọ wa obìnrin, ní ìlú tó jìn, ló lọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Ibẹ̀ náà la sin ín sí. Ìgbà tí mo máa fi padà dé, ọjọ́ oògùn ti pé. Mo kó káàdì méjèèjì dání bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì ti múra láti sọ òótọ́. Àmọ́ kí n tó la ẹnu, nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn ti ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó ní, "Bàbá, màmá ńkọ́?"

Mo ní ó wà. Mo tún fi kún un pé orúnkún ló ń dùn ún díẹ̀. Inú mi dùn, ẹ gbọ́. Gbogbo àdúgbò ló ti ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n mọ́kàn le, wọ́n á fajú ro, wọ́n á lọ. Ojú fèrèsé yẹn nìkan ló kù láyé tí ìyàwó mi ṣì wà láàyè.

Bí mo ṣe gba oògùn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé wọn ò ní í fún èèyàn ní òmíràn tí kò bá dá ìgò òfìfo padà. Nọ́ọ̀sì á gbọn ìgò náà létí rẹ̀ kó tó gbà á. Tìyàwó mi ńkọ́? Ó kún dẹ́nu. Kí n wá dà á nù ni? Obìnrin tó fi ogójì ọdún ṣa bọ́tìnnì tó bọ́ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kó má bàa ṣòfò? Ni mo bá ń gbé e mì. Mo sọ fún ara mi pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wá, kí ló lè ṣe mí? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tí mo bá gbé e mì tán, àwo náà á ṣófo, bó ṣe máa ń ṣófo nígbà tó wà.

Kò pẹ́ tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Tí mo bá dìde nídìí ẹ̀rọ, ilẹ̀ á máa yí. Lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan, bí mo ṣe ní kí n nàró, mo ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ó gbé mi dìde, ó wá ní ṣòkòtò lòun ní kí n wọ̀n, òun ò ní kí n wọn ilẹ̀. Ẹ wo aláìmoore.

Dókítà tó ń tọ́jú wa, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, wọn ẹ̀jẹ̀ mi nígbà tí mo dùbúlẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí mo dìde. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀ jù, ó sì tún ń jábọ́ sí i tí mo bá dìde. Ó wo ìpéǹpéjú mi, ó yẹ ṣúgà mi wò, ó gbọ́ àyà mi títí. Ó dín oògùn mi kù sí ààbọ̀ hóró. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ó ní ó lè jẹ́ ọkàn mi, òun á fi mí ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ kó gbogbo ìgò oògùn tó wà nílé wá sínú àpò kan. "Kẹ́ ẹ sì mú màmá dání," ló wí. "Wọ́n lè mọ ohun tí ẹ ò sọ fún mi."

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á pa káàdì rẹ̀ tì, kò tún ní í sí ẹni tó máa bèèrè rẹ̀ mọ́. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, ọjọ́ kan ni mo máa ṣubú tí mi ò ní í dìde. Ọmọ mi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun lálàá tí ò dáa, kí n jọ̀ọ́ má fi òun sílẹ̀ bí ìyá òun ṣe ṣe. Ni mo bá kó ìgò méjèèjì àti káàdì méjèèjì.

Dókítà da oògùn sórí tábìlì. Ó bèèrè màmá.

"Ó ti kú, dókítà," ni mo wí. "Èmi ni mò ń lo oògùn ẹ̀."

Mo ti múra sílẹ̀ kó bú mi, mo sì ti mọ èsì tí mo máa fún un. Kò bú mi. Ó ní oògùn yẹn ló fa òòyì mi, kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkàn mi. Ó wá gbé kálámù sílẹ̀, ó ní irú èèyàn wo ni màmá jẹ́. Mo sọ ọ́ títí tí àwọn tó wà níta fi ń kùn. Nígbà tí mo parí, ó kọ nǹkan sára káàdì ìyàwó mi, ó sì fi sínú dúrọ́ọ̀ mìíràn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, òòyì ò kọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi múlẹ̀ dáadáa. Nọ́ọ̀sì gba ìgò mi kan ṣoṣo, ó sì ń wo ilẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì," ni mo wí, "ẹ ò bèèrè màmá."

Ó ní òun ti gbọ́, kí n má bínú.

"Mo mọ̀ pé ó ti kú. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà máa bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ó gbójú sókè. "Bàbá, màmá ńkọ́?"

"Àárò ẹ̀ ń sọ mí," ni mo dá a lóhùn.