Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Ẹ́ńjìnnì Náà Kú

Gbogbo àdúgbò ló mọ mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Tún-un-wọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba orúkọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wọn nǹkan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbáà ṣe okùn tí wọ́n fẹ́ fi so ilẹ̀kùn, á gbójú sókè, á ní, "Tún un wọ̀n." Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, bó ṣe fẹ́ fi òrùka sí òun níka, ẹ̀rù ń ba òun kó má lọ sọ ọ́ lójú gbogbo èrò. Ẹ má rò pé ọkùnrin náà ń bínú sí orúkọ yìí o. Inú rẹ̀ ń dùn sí i ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó bá rí i á ṣàánú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán. Písítìn mẹ́ta tó ti bàjẹ́ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sì jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọjọ́ márùn-ún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú, nítorí ẹsẹ̀ náà kì í ká mọ́. Láti Mọ́ńdè tó ti ń wá jókòó síbẹ̀, kò bínú, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ìyẹn gan-an ló ń dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Alùpùpù tí à ń sọ yìí, ti àbúrò ni. Alùpùpù gíga ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sáré ìje lórí òkìtì àti nínú ẹrẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Inú bẹntiróòlù gan-an ni wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ kí wọ́n tó dà á sí táǹkì. Bí èèyàn bá gbàgbé láti pò ó, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru á mú písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, á wú, á há mọ́ ara sìlíńdà tó ń rìn nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì dá dúró lójijì. Nọ́ọ̀kì ni àwọn mẹkáníìkì ń pe èyí.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó nọ́ọ̀kì mọ́ àbúrò lábẹ́ níbi ìdíje, lórí òkè. Táyà ẹ̀yìn dúró gbagi, alùpùpù gbé e sọ nù, ó sì wó lé e lórúnkún. Tún-un-wọ̀n ló to ẹ́ńjìnnì náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Àbúrò ló po epo. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n tú u wò, ó rí ojú ọgbẹ́ lára písítìn, ó sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ náà kò po ọ́ìlì. Ọmọ náà búra pé òun pò ó. Ìyá wọn, tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wá sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣàṣìṣe tó bá di ti ẹ́ńjìnnì. Bẹ̀ ẹ́." Ó bẹ̀ ẹ́. Orí ìdùbúlẹ̀ ló ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ohun tó ní òun kò ṣe. Ìyá ti kú ní èṣí, ohun tó sì gbà gbọ́ títí tó fi kú nìyẹn.

Nígbà tí àbúrò gbé alùpùpù náà dé ní Mọ́ńdè, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn.

"Bọ̀dá mi, ẹ bá mi tún un tò, bí ẹ ṣe tò ó nígbà yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ po epo ẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, á jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé lóòótọ́. Mi ò tún ní dá a sọ mọ́ láyé mi."

"Tí ò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i ná."

Ó burú láti sọ, ṣùgbọ́n inú Tún-un-wọ̀n dùn. Ó ti sú u láti máa rí ojú àbúrò rẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí, ojú ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ó rò pé tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà á ti parí, àwọn á sì jọ jẹun bíi tẹ́lẹ̀.

Ó fi písítìn tuntun àti ríìngì tuntun sí i. Ó pààrọ̀ síìlì, ìyẹn róbà roboto tó yí irin kránkì ká, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọ inú ẹ́ńjìnnì. Òfin tirẹ̀ ni pé síìlì tó bá ti yọ kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Páìpù kan wà tó fi máa ń gbá síìlì wọlé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé e láti ara ẹsẹ̀ àga onírin kan, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó máa ń sọ pé bí ṣọ́ọ̀bù bá gbiná, páìpù yẹn lòun á kọ́kọ́ gbé sá jáde, kí ìyàwó òun máa tẹ̀ lé e bọ̀.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ epo, ó pe àbúrò rẹ̀ kó wá wò ó. Ó wọn ọ́ìlì, ó tún un wọ̀n, ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù, ó mì í títí àwọ̀ epo náà fi yí padà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń kíkì alùpùpù náà, nítorí náà Tún-un-wọ̀n ló kíkì í. Ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ mú, ó dùn létí. Tún-un-wọ̀n wo àbúrò rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó gba òdo. Ní ìṣẹ́jú keje, ohùn náà dédé lọ sókè, ó di igbe, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Iṣẹ́ aago títúnṣe ni àbúrò ń ṣe báyìí, nítorí pé iṣẹ́ àjókòóṣe ni. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ iye ìṣẹ́jú náà sínú ìwé pélébé kan, ó fi í sápò.

"Kàbúrétọ̀ ni," Tún-un-wọ̀n wí.

Ó tú kàbúrétọ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pò mọ́ epo, palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fẹnu fẹ́ gbogbo ihò ara rẹ̀ títí ètè rẹ̀ fi dúdú. Ní Wẹ́sídé, pẹ̀lú písítìn mìíràn, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló lò. Ó ní àfàìmọ̀ kí omi má wà nínú bẹntiróòlù náà. Ó lọ ra òmíràn níbòmíràn, ó po ọ́ìlì mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀n ọ́n. Ó tú kàbúrétọ̀ alùpùpù mìíràn wá fi sí i. Ní Fúráìdé, ó lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó kú.

Ìyàwó rẹ̀ tó gbé oúnjẹ wá bá a níbi tó ti ń yí púlọ́ọ̀gì sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́.

"Bàbá wọn, ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é."

Obìnrin náà kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí. Ó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ̀yin ẹ wá jẹun tiyín."

Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń ba Tún-un-wọ̀n lẹ́rù mọ́. Ọ́ìlì wà nínú epo; òun ló pò ó, ojú òun ló ṣe. Ọgbẹ́ ara písítìn mẹ́ta yìí kò sì yàtọ̀ sí ti èyí tó rí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá lè kú báyìí tòun ti ọ́ìlì nínú, kí wá ni òun rí nígbà yẹn tí òun fi dájọ́?

Ìdí nìyẹn tó fi jókòó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Nígbà tó yá, ó dìde. Ó fi písítìn kẹrin sí i, ó gbá síìlì tuntun wọlé, ó tò ó tán, ṣùgbọ́n kò kíkì í. Ó ku ohun kan tí kò tíì yẹ̀ wò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì níbi tí kò yẹ, epo tó wà nínú rẹ̀ kò ní tó o, ooru á sì ṣe é bí ìgbà tí kò sí ọ́ìlì. Ó fi róbà dí ibi tí èéfín ń gbà jáde àti ibi tí epo ń gbà wọlé, ó so pánpù mọ́ ọn, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀.

"Wá bá mi fi ẹsẹ̀ òsì ẹ tẹ pánpù yìí."

Àbúrò ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Láti ibi tó wà, kò lè rí ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn. Tún-un-wọ̀n fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí ìdí sìlíńdà, kò rí nǹkan kan. Ó kùn ún sí gbogbo oríkèé, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó kùn ún dé ara síìlì, ìfófó ọṣẹ kan yọ, ó wú, ó bẹ́. Òmíràn tún yọ. Ó fi àtàǹpàkò nù ún kúrò. Ó tún wú.

"Ṣé ẹ ti rí nǹkan ni?" àbúrò bi í.

"Mi ò tíì rí i."

Irọ́ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ pa á, ojú sì tì í. Ó fa síìlì náà yọ. Etí rẹ̀ ya, ojú ibi tó ya kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Ó dojú agolo tó ń ju àwọn síìlì àtijọ́ sí délẹ̀, ó ṣa mẹ́ta ti ọ̀sẹ̀ náà jáde. Gbogbo wọn ló ya bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti rà wọ́n.

Ó mú páìpù rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa ẹnu páìpù náà yí ká, kò mọ nǹkan kan lára, nítorí iṣẹ́ ti mú kí awọ ọwọ́ rẹ̀ yi. Ó gbé e kan ètè ìsàlẹ̀. Ó wà níbẹ̀, eyín irin kékeré kan, nínú, níbi tí ayùn ti kúrò lọ́jọ́ tó gé e, òun ló ń ya etí síìlì bó bá ṣe ń gbá a wọlé. Lára àwọn alùpùpù yòókù tó ń tún ṣe, irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ju kí ọ́ìlì máa kán tó díẹ̀díẹ̀ lọ, òun a sì máa fi dá àwọn oníbàárà lẹ́kun pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í làágùn. Ti àbúrò rẹ̀ nìkan, tó ń fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀, ni irú ẹ̀ lè pa.

Ó wù ú kó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ kó sunkún. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú síìlì tuntun, ó fi ọ́ìlì pa á létí, ó fi ìka àti pátákó pẹlẹbẹ kan tì í wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ò lo páìpù yín," àbúrò, tí kò gbọ́ ìró òòlù, wí láti orí àga rẹ̀.

Tún-un-wọ̀n dé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì pa, ó da epo Fúráìdé yẹn náà sí táǹkì títí ó fi kún, ó kíkì.

Ìṣẹ́jú keje kọjá. Ìkẹsàn-án kọjá. Nígbà tó di ìkọkànlá, àbúrò gbé aago rẹ̀ sún mọ́ ojú, ó ń wò ó. Ogún ìṣẹ́jú pé, ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà.

"Bọ̀dá mi, kí lẹ ṣe fún un?"

Ó lè sọ pé písítìn ti tẹ́lẹ̀ kò dára, ta ni yóò sì já a nírọ́? Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀, ibi tí eyín irin yẹn ti gún un. Ó mú páìpù náà, ó lọ gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, òun àti síìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àbúrò yọ awò kékeré tó fi ń wo inú aago jáde nínú àpò, ó fi há ojú. Ó yí páìpù náà, ó dúró, ó tún un yí. Ó mú síìlì kọ̀ọ̀kan, ó wò ó. Ó pẹ́ kó tó yọ awò náà lójú.

"Ṣé èyí náà lẹ lò nígbà yẹn?"

"Òun ni."

"Gbogbo ayé lẹ máa ń ní kí wọ́n tún nǹkan wọ̀n." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Ẹ ò tún tèmi wọ̀n."

"Dárí jì mí," Tún-un-wọ̀n wí, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì gbé e mì. Ó tún un sọ, òun alára kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn.

"Ẹ má pa á," àbúrò wí. "Màmá ò gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí èmi gbọ́ ọ."

Tún-un-wọ̀n fa ọwọ́ padà. Ó dúró síbẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àbúrò rẹ̀ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, ó di ojú rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Odindi ọ̀sẹ̀ ni mẹkáníìkì yìí ti fi ń bẹ ẹ́ńjìnnì kan kó má kú. Ní báyìí, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó kú, kí àbúrò òun lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ òun. Ó ṣí ìdérí táǹkì, ó yọjú wò ó. Epo ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.