Ọkọ̀ àti Ọmọlẹ́yìn Rẹ̀

"Wọ́n ní ìyá náà ti ní òun ò ní…"

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ìyá wo?"

"Ìyá olódòdó nì. Pé ọkọ̀ yẹn, láéláé, òun ò tún… Ẹ má fi ẹnu mi sọ ọ́ o. Ṣé ẹ mọ ìyàwó ọmọ wọn, bó ṣe dákẹ́ tó yẹn? Wọ́n ní tó bá ti di sítíárìn mú báyìí… hùn-ùn."

"Eré ló ń sá ni?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ ló sọ fún ẹni tó sọ fún mi."

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, okùn wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ẹrù, kò sì lè yọjú mọ́. Bó bá yọjú, oníbúrẹ́dì tó ń sọ̀rọ̀ náà á kí i, á bi í pé ṣé àlàáfíà ni, òun náà á sì ní àlàáfíà ni. Ó wà níbẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ẹni tó ń ra búrẹ́dì fi bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó ni gbogbo àdúgbò ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà. Ìlú mìíràn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló ń wálé. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú ọgbà ẹ̀yìnkùlé: òdòdó inú ìkòkò, àti igi ọsàn kéékèèké tí kò tíì ga ju orúnkún lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn lọ sí ọjà ìlú kejì. Àwọn ẹlẹgẹ́ wà nínú píkọ́ọ̀pù, ìyókù wà nínú tírélà kékeré, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ọkọ̀ náà lẹ́yìn. Ìyá ló sọ tírélà yẹn ní Ọmọlẹ́yìn. Ó ní ibi tí ọ̀gá bá lọ ló ń bá a lọ, kì í bèèrè. Ìyàwó ló ń wakọ̀, Ìyá ló ń tajà, torí ẹnu Ìyá lè ta ewé fún ẹni tó ni igbó.

Ó tún okùn náà so.

Àbí òótọ́ ni? Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń rí i pé Ìyá ń di ìdìmú ilẹ̀kùn mú bí wọ́n bá ti gbéra. Ní ọjà tó kọjá, Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó fara ti ọkọ̀, ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń tẹ́tí sí nǹkan nínú eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàwó ní, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan?" Ìyá ní, "Ó dáa." Ṣùgbọ́n ó-dáa lákọ, ó lábo, Ìyàwó ò sì mọ èyí tó jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Kò sì káwọ́ gbera. Àgbá omi ńlá kan wà ní ìdí Ọmọlẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò bí wọ́n bá dé ọjà, kí òùngbẹ má baà pa àwọn igi. Ìyàwó rò ó pé bí omi bá dín, ẹrù á fúyẹ́. Bí ẹrù bá fúyẹ́, ọkọ̀ á rọra gbé Ìyá. Ó bù ú kù díẹ̀. Nígbà tí kò rí ìyàtọ̀, ó tún bù ú kù. Ní báyìí, ìdajì àgbá ni wọ́n ń gbé.

Kò lè bèèrè. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? "Ìyá, ṣé lóòótọ́ lẹ ní ẹ ò gun ọkọ̀ mi mọ́?" Bí wọ́n bá wá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ẹ mọ́ lónìí, oúnjẹ ẹ ló máa kọ̀ lọ́la.

Ọjọ́ ọjà ni, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni wọ́n máa ń gbéra. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó gbé ọkọ̀ tòun ti Ọmọlẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ó-ku-díẹ̀ ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà. Kò sí iṣẹ́ tí ẹ máa bi í léèrè tí kò ní sọ pé ó ku díẹ̀, pàápàá èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí," Ìyàwó ní. "Mo fẹ́ kí ọkọ̀ yìí rọ̀ Ìyá lọ́rùn."

"Kí ló ṣe ìwọ tí ò ń wà á?"

"Èmi kọ́. Ìyá."

Ọkùnrin náà wò ó, kò tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó gbé ìdí lé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ lọ sókè, ó wá sílẹ̀, ó tún lọ sókè bí ẹni tó gbọ́ ìlù.

"Ṣọ́ọ̀kì ti kú. Wò ó, ó ti da gbogbo epo inú ẹ̀ sílẹ̀. Òun ló yẹ kó máa sọ fún súpíríǹgì pé, ó tó, jókòó."

Ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì. Ó gbá táyà ní ìka, ó bú ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn sí i tó fi le bí òkúta, ó sì tú atẹ́gùn rẹ̀ títí tó fi dé iye tí wọ́n kọ sí etí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fún ìkọ́ tó so ọrùn Ọmọlẹ́yìn mọ́ ọkọ̀ le, èyí tó ti ń lu ara rẹ̀ gbà-gbà ní gbogbo kòtò.

"Ó parí?"

"Ó ku díẹ̀," ó ní, tó ń nu ọwọ́. "Lọ gbé e wò."

Ìyàwó wà á dé òpin àdúgbò, ó padà. Gbígbọ̀n náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ bíréèkì, nǹkan kan ṣì ń tì í láti ẹ̀yìn. Bó bá gbéra, nǹkan náà á tún fà á sẹ́yìn, bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wà á. Ẹ jẹ́ n dúró níta kí n wò ó."

Láti ọjọ́ tó ti ń wa ọkọ̀ náà, kò tíì rí i rí níbi tó ti ń lọ. Ẹni tó wà nídìí sítíárìn, báwo ló ṣe máa rí ẹ̀yìn ara rẹ̀? Ó dúró létí gọ́tà. Ó-ku-díẹ̀ yọ, ó gun gegele tó wà láàárín títì, ìdí Ọmọlẹ́yìn sì rì. Ọrùn rẹ̀ gbé sókè, ó sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ pọ̀, bí ẹni tí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ lábẹ́ ìbàdí. Mẹkáníìkì tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró. Omi inú àgbá ò dúró: ó sáré síwájú, ó ta síta lábẹ́ ọmọrí, ó sáré padà, ọkọ̀ tó ti dúró sì ń mi orí bí alángbá.

Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu.

Omi ni. Omi tí òun fúnra rẹ̀ bù kù. Èyí tó kún ò ní ibi tó fẹ́ sá sí, ìdajì ló ní gbangba. Gbogbo àkókò tó rò pé òun ń ṣàánú Ìyá, omi ló ń fi gbá a lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ omi yín ń ṣiṣẹ́?"

Wọ́n da omi náà nù. Wọ́n tú igi ọsàn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n yí àgbá náà wá síwájú títí tó fi kọjá táyà Ọmọlẹ́yìn díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má baà tún rì, wọ́n fi okùn dè é, wọ́n sì ki rọ́bà omi bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó ṣẹ́kù bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, mẹkáníìkì fẹ́ pa á.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó kún."

"Ẹ̀gbọ́n, ó-ku-díẹ̀ yẹn náà ló ń dà wá láàmú. Ẹ jẹ́ ó kún."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ya Ìyàwó gan-an lẹ́nu pé òun lòun sọ ọ́.

Nígbà tó délé, Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, fìlà oòrùn lórí, báàgì lápá.

"Mo ti ní o ti fi mí sílẹ̀ lọ."

"Ìyá, ẹ̀ ń bá mi lọ?"

"Ibo ni kí n tún lọ? Ṣé igi ló fẹ́ ta ara ẹ̀ ni?"

Wọ́n gbéra. Ìyá di ìdìmú ilẹ̀kùn mú. Kòtò àkọ́kọ́ dé, ó fún eyín pọ̀. Ọkọ̀ rì, ó dìde, ó jókòó. Kòtò kejì. Ìyá bojú wẹ̀yìn.

"Ọmọlẹ́yìn dà? Ṣé o so ó?"

"Ó wà lẹ́yìn, Ìyá."

"Kò dún."

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fi ìdìmú ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó wá sí orí itan. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn oníbàárà kan tó ra òdòdó tó sì dá a padà pé kò sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ dé ìdajì. Nígbà tí Ìyàwó wo ẹ̀gbẹ́, orí Ìyá ti wà lára fèrèsé, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó ń han-run.

Aránṣọ, ọ̀rẹ́ Ìyá, dá wọn dúró ní oríta. Ó ti ní kí wọ́n gbé ìkòkò òdòdó méjì wá fún iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Òwú wà ní ọrùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ dé:

"Ìyáàá! Ẹ ṣì ń gun…"

"Ẹ rọra," Ìyàwó ní. "Wọ́n ń sùn."

"Sùn? Nínú ọkọ̀ yìí?" Ó yọjú wo inú, ó fọwọ́ di àyà. "Ṣé kò ṣe wọ́n?"

Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìkòkò méjèèjì fún un. Ó yẹ kó padà sínú ọkọ̀. Ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni Ìyá sọ nípa ọkọ̀ yìí?"

"Sọ fún ta? Èmi?"

"Oníbúrẹ́dì ti gbọ́."

"Wọ́n ní n má sọ ọ́."

"Ẹ sì sọ fún oníbúrẹ́dì."

"Ìwọ ni wọ́n ní n má sọ fún. Wọn ò dárúkọ oníbúrẹ́dì." Ó wo Ìyá lójú fèrèsé, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó gbé ìkòkò kan sí ìgbáròkó. "Ó dáa. Ẹnu wọn nìyí, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò bù kúrò. Wọ́n ní: 'Ọkọ̀ yẹn ń jọ̀ mí bí ẹní jọ èlùbọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ o. Tó bá gbọ́, á ní kí n jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń rí i bá sọ̀rọ̀.'"